Téèpù Ọrùn Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wọn ìbàdí ẹlòmíràn
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, lábẹ́ òkè.
Mi ò wọn tèmi rí.
Bí ṣòkòtò bá há, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
mo fi ìnṣì kan kún un,
mo ní aṣọ ló súnkì.

Ìgbà tí èèrà tò sí ẹ̀yìnkùlé
níbi tí mo ti ń tọ̀ lóru,
ni Rẹ̀mílẹ́kún fà mí dé Ìdó.
Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀,
ó tún gún ìka kejì, bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ.
Dókítà ní, "Bàbá Télọ̀, àtọ̀gbẹ ni."
Ó kọ oògùn méjì. Ó tún ní,
"Ẹ máa rìn. Ẹ dín ikùn yìí kù.
Bí ara bá fúyẹ́, bóyá oògùn náà á fúyẹ́."

Oògùn kìíní funfun, ó tó èékánná àtàǹpàkò.
Ó fi adùn kọ́bọ̀ sí mi lẹ́nu,
kọ́bọ̀ àtijọ́, èyí tí a máa ń lá ní kékeré.
Ó sọ inú mi di òpópónà.
Mo ń gé agbádá ọkọ ìyàwó lọ́wọ́
ni mo jù ú sílẹ̀, mo sáré sí ṣáláńgá;
kí n tó dé, ewúrẹ́ ti jẹ apá kan.

Èkejì kéré, ó pupa rúsúrúsú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le.
Bí mo bá pẹ́ jẹun, òógùn á bò mí,
ìka mi á máa gbọ̀n lẹ́nu abẹ́rẹ́:
òwú ń wá ihò, ihò ń sá fún òwú.

Mo rò ó wò. Àìsàn ń pa mí jẹ́jẹ́,
oògùn ń pa mí pẹ̀lú ariwo.
Mo kó méjèèjì sínú agolo bọ́tìnnì
fún ọjọ́ mọ́kànlá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Inú mi rọ̀. Ẹnu mi tún mọ iyọ̀.
Lọ́jọ́ kejìlá, ojú mi ṣú,
mo gé ànkárá Ìyáàfin Fálóhún kọjá ilà ṣọ́ọ̀kì.
Mo ṣí agolo.

Ó wá ku òkè.
Kí àkùkọ tó kọ, mo ti wà lójú ọ̀nà,
kùrukùru funfun bí òwú tí a kò tíì ran,
orúnkún mi ń ké bí ẹ̀rọ tí kò rí epo.
Àárọ̀ àkọ́kọ́, ìdí igi ọsàn ni mo dé.
Ẹ̀ẹ̀rùn parí kí n tó fọwọ́ kan àpáta.

Uyán ńkọ́? Ẹ má bi mí.
Ọmọ Èkìtì tó ń wo odó
bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà tó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn!
Rẹ̀mílẹ́kún bu tèmi bí ìkúùkù ọmọdé,
ẹ̀fọ́ bò ó bí igbó.
Mo jẹ ẹ́, mo lá ọwọ́ pẹ́,
mo dìde kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó yá, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi.
Àdúgbò rí i: "Télọ̀ mà ti rù! Kí ló ń ṣe é?"
Adélùsì ọ̀rẹ́ mi di owó sínú bébà wá,
ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jókòó ti òkú.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.
Mo gba owó náà. Mo fi ra bàtà ìrìn.

Ní Ìdó lánàá, dókítà wo ìwé, ó wò mí,
ó fa ilà lórí èyí pupa.
"Funfun ńkọ́?"
"Ó di oṣù mẹ́ta sí i. Ẹ máa jẹun kí ẹ tó lò ó."
Inú ṣì ń kùn. Kọ́bọ̀ ṣì wà lẹ́nu, ó ti kéré.

Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù,
mo yọ téèpù lọ́rùn, mo fi yí ara mi ká.
Ìnṣì mẹ́rin ti lọ.
Ẹ̀gbẹ́ tí mo tú lọ́dún wọnnì ni mo rán padà,
mo fi aṣọ tó ṣẹ́kù pamọ́ sínú,
mi ò gé e.
Mo mọ ara mi.